Agolo Kò-kàn-wọ́n

Ajá tí mo kọ́kọ́ sìn ní Ìtòkò,
alẹ́ Ọjọ́rú ló kú.
Owó oògùn dé lọ́jọ́ Ẹtì.
Mo fi san gbèsè sìmẹ́ńtì, mi ò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo wá gba èyí lọ́wọ́ Ṣótúndé bíríkílà,
tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju kóńgò gàrí kan lọ,
mo wá agolo mílíìkì tó ṣófo,
mo fi ọ̀bẹ dá ojú sí i lórí,
mo kọ ọ́ sára rẹ̀: Kò-kàn-wọ́n.
Orúkọ ajá ni. Orúkọ owó náà ni.

Igba náírà ní gbogbo Àbámẹ́ta
lẹ́yìn tí mo bá ta bọ́tìnnì àti òwú tán.
Bí ọjà bá kú, àádọ́ta.
Abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún;
oògùn aràn, oṣù mẹ́ta-mẹ́ta;
eégbọn kò ní oṣù tirẹ̀.
Mo bi dókítà ẹran ní Asẹ́rò pé èló ni gbogbo rẹ̀,
nígbà tí ara ajá ṣì le koko.
Ó rẹ́rìn-ín: “Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bèèrè omi
kí ilé tó jó.”

Ìyá Kúbúrá, ojúlé kejì, ní
èèyàn ò rí jẹ, ajá ń ní báńkì.
Mo pe ajá mi lóhùn rara:
Kò-kàn-wọ́n! Kò-kàn-wọ́n, máa bọ̀!

Lọ́dún kejì, òjò ń lu gbogbo páànù àdúgbò,
ẹnìkan kan ilẹ̀kùn mi ní aago kan òru.
Ìyá Kúbúrá ni, ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́.
Ewúrẹ́ rẹ̀ ti ń rọbí láti ìrọ̀lẹ́,
ẹsẹ̀ ọmọ kan jáde, ìyókù kọ̀.
Dókítà ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n owó ọ̀kadà,
owó abẹ́rẹ́, owó iṣẹ́ òru…
Kò parí rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára agolo.
Ajá dìde, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó padà lọ sùn.
Mo fi ọ̀bẹ kan náà la agolo.
Ẹgbàá méje ó lé igba.

Ewúrẹ́ yè. Ọmọ kan yè.
Ó ti san ẹgbàá márùn-ún, mi ò bi í ní ìyókù.
Láràárọ̀ ó ń kí mi, ó ń kí ajá,
ṣùgbọ́n kò jẹ́ pè é lórúkọ.

Àbámẹ́ta tó kọjá, mo ju igba náírà sínú agolo tuntun.
Lóru mo gbọ́ tí Kò-kàn-wọ́n ń họ etí òsì.
Ó dákẹ́. Ó tún họ ọ́.
Mo dìde jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò.