Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Akíndùró

Ní kíláàsì, ife rọ́bà la fi kọ́ṣẹ́:
gbé e, gbé e kalẹ̀, ó di ìgbà mẹ́wàá.
Mo gba ogún nínú ogún.

Ní Òkè-Àró l'Ákùúrẹ́, Bàbá Akíndùró wo ife mi,
ó wo ọwọ́ tí rọpárọsẹ̀ sọ di àlejò lórí itan rẹ̀,
ó ní, "Ọmọ mi, òùngbẹ ò gbẹ mí."

Ojú tì mí.
Ìyàwó rẹ̀ ń sá kòkó lẹ́yìnkùlé.
Mo bu abọ́ kan wá.
Ó ń ṣa èyí tó bu sọnù, ọ̀kan,
ó sinmi, òmíràn.
Ìka tó ti ń sùn láti ìgbà ọyẹ́
mọ kòkó kí wọ́n tó mọ̀ mí.

N ò kà á mọ́.
Nígbà tí òjò ṣú,
ọwọ́ yẹn ló kọ́kọ́ nà sí etí ẹní.