Ìwé Pélébé Abẹ́ Àfòpiná

Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí òjò dídì ga dé ojú fèrèsé,
Ìyáàfin Petska pín ìwé àṣàyàn iṣẹ́ fún ẹgbẹ́ wa
ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.
Ó ní kí kálukú mú ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ká.
Mo mú mẹ́ta:
àgùntàn, aṣọ rírán, àkójọ kòkòrò.
Ó wò mí láti òkè gíláàsì ojú rẹ̀:
"Roza, ẹni tó lé eku méjì á pòfo.
Ìwọ tún wá fi ọ̀kan lé e."

Bàbá ta àgùntàn náà kí ilẹ̀ tó gbóná;
owó oúnjẹ ẹran ti gun òkè àjà.
Yẹ̀rì tí mo rán, etí ọ̀tún gùn ju tòsì,
ajá wa ló ń sùn lórí rẹ̀ báyìí.
Ó wá ku kòkòrò.
Kò sẹ́ni tó ń béèrè iye tí kòkòrò ń jẹ.

Clay Sintek ń wẹ akọ màlúù rẹ̀ bí ìyàwó ọ̀sìngín,
ó ń fi ẹ̀rọ fẹ́ irun ìrù rẹ̀ gbẹ.
Èmi ń rìn létí kòtò ojú títì
pẹ̀lú àwọ̀n tí mo fi kọ́tìnì àtijọ́ rán.
(Aṣọ rírán náà kò kúkú ṣòfò.)
Lámilámi, tata, tanátaná,
ọ̀bọ̀n-ùnbọn-ùn tó dúdú bí ọ́ìlì katakata.
Inú fírísà ni mo tò wọ́n sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀wà tútù.
Màmá ṣí ìgò kan, ó rò pé èso ni.
Ariwo tó pa lọ́jọ́ náà!

Òfin wọn kò pọ̀.
Abẹ́rẹ́ á gba apá ọ̀tún ẹ̀yìn kọjá,
ìyẹ́ á tẹ́ gbalaja,
ìwé pélébé á wà lábẹ́ rẹ̀, kò gbọdọ̀ ju èékánná lọ:
ibo, ọjọ́ wo, ta ló mú un.
Kò sí àyè fún ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní òru ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Agẹmọ, yìnyín dé.
Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré.
Àgbàdo tó ti ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀
dúró lóko bí ẹni tí wọ́n bọ́ láṣọ.
Bàbá mú tọ́ọ̀ṣì, ó wọ inú rẹ̀ lọ.
Mo ń wo iná náà, ó ń lọ, ó ń bọ̀,
ó wá dúró sójú kan,
ó pẹ́ níbẹ̀.
Àfòpiná kan lẹ̀ mọ́ nẹ́ẹ̀tì ẹnu ọ̀nà,
àwọ̀ rẹ̀ bí ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rú,
ìyẹ́ rẹ̀ kan fàya.
Mi ò mọ ohun tí ọmọ ọdún méjìlá
lè ṣe fún bàbá rẹ̀ nírú òru bẹ́ẹ̀.
Mo lọ mú ìgò.

Ọ̀gbẹ́ni Haugen, adájọ́, fi bírò tọ́ka sí i:
"Èyí ti fàya. Kí ló dé tí o kò wá òmíràn?"
Ọ̀rọ̀ kún mi lẹ́nu.
Mo ní, "Èyí ni mo mú, sà."
Ríbọ́ọ̀nù pupa, ipò kejì.
Ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn káàdì pé ìkọ̀wé mi mọ́,
kí n máa ṣọ́ ìyẹ́.
Clay gba búlúù, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́:
ẹni tó ra màlúù náà ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù dé.

Ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá tó wá,
fìlà ilé iṣẹ́ irúgbìn lórí, eruku lójú bàtà.
Ó kọjá ẹ̀gúsí ńláńlá, ó kọjá ìgò jáàmù,
ó bẹ̀rẹ̀, imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.
Ó ka ìwé pélébé náà, ètè rẹ̀ ń mì.
"Ọjọ́ kejìdínlógún."
"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."
Èémí rẹ̀ ṣú bo gíláàsì, àfòpiná pòórá,
ó tún rọra yọ padà.
Bàbá kò tíì nàró.
Ó ní, "Mo rò pé gbogbo yín ti sùn."