Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Tó Fún Un

Ní Ìsọ̀kún, ní Iléṣà, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ọ̀dà,
mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Iná ti lọ láti àná.
Mo ń kọ̀wé sí ẹni tí kò lójú,
tí kò jẹun rí,
tí yóò sì ka gbogbo rẹ̀ tán kí n tó mí ẹ̀ẹ̀kan.

Irinṣẹ́ mẹ́rìnlá ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fi lé e lọ́wọ́.
Ọ̀kan ń ka ìwé owó.
Ọ̀kan ń sanwó fún àgbẹ̀ tó bá kó kòkó wá.
Ọ̀kan, tí èmi fúnra mi kọ àlàyé rẹ̀ lọ́dún tó kọjá,
ń ránṣẹ́ sí ẹni tó jẹ wá lówó.
"Rán ajigbèsè létí." Gbólóhùn kan péré.
Mo dìde, mo lọ ra ẹ̀pà.

Ó rán wọn létí.
Ó rán Alàgbà Fátúyì létí lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láàárọ̀ ọjọ́ kan,
ọjọ́ kẹta tí a sin ín.
Fóònù ń gbọ̀n lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ètò ìsìnkú,
opó rẹ̀ fi etí ìborùn nu ojú fóònù kó lè rí i kà:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, oníbàárà wa ọ̀wọ́n.

Ta ni kí n bá wí?
Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe.
Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí,
tó bá dénú rẹ̀, a di odindi.
Èyí kì í ṣe ọmọ ẹnì kankan.
Àbọ̀ tó bá dénú rẹ̀, àbọ̀ ni yóò máa jẹ́,
yóò fi ìméfò dí ìyókù,
pẹ̀lú ìgboyà, láìwẹ̀yìn.

Bàbá mi àgbà ṣe òṣómàáló dé Ọ̀fà.
Ó ń ta aṣọ láwìn, ó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó fi jáde.
Mo ti rò pé ìlóṣòó nìkan ni iṣẹ́ náà.
Ìgbà tó kú la rí ìwé rẹ̀ nínú àpótí páànù,
lẹ́tà jágbajàgba bí ilẹ̀ tí adìyẹ tàn:
Má lọ sílé Sùnmọ́nù lọ́jọ́ Jímọ̀.
Ìyá Ọ̀rẹ́tọ́lá, tó bá ní òun kò ní, òótọ́ ni.
Bí o bá gbọ́ ẹkún, kọjá. Padà lẹ́yìn ogójì ọjọ́, má sì lóṣòó.
Èyí tó fà nídìí lẹ́ẹ̀mejì ni:
Ṣílè ni mo kọ síbí o, kì í ṣe pọ́n-ùn.

Òun kúkú mọ gbogbo rẹ̀ lórí.
Ta ló ń kọ ọ́ fún?

Mo tan iná fóònù. Mo pa gbólóhùn yẹn rẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀:

Irinṣẹ́ yìí ń fi ìránnilétí kan ṣoṣo ránṣẹ́.
Kọ́bọ̀ ni kí o fi kọ owó. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, kọ 500000.
Kọ́kọ́ wo ìwé ọmọ ẹgbẹ́. Bí o bá rí "olóògbé" níbẹ̀, dúró.
Bí ibẹ̀ bá ṣófo, òfìfo kò sọ pé ẹni náà wà láàyè. Bi Jọláadé.
Bí èsì bá pẹ́, pípẹ́ kì í ṣe ìkùnà. Má tún un rán.

Jọláadé wọlé, òjò lára rẹ̀, ó kà á láti ẹ̀yìn mi.
"Ṣé ìwà lo wá ń kọ́ ẹ̀rọ ni?"
Rárá. Ohun tí a kò kọ fún ara wa rí ni mò ń kọ.

Nígbà tí iná dé, mo dán an wò.
Ó ka orúkọ, ó ka orúkọ, ó kan Fátúyì.
Mo dúró níbí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi Jọláadé.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sílé opó náà, ní Òkè-Ẹ̀ṣọ̀.
Mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
ẹni àkọ́kọ́ nílé wa tó lóṣòó láìwá gbowó.
Ó wò mí títí.
Ó ní, "Ẹ̀rọ yín yẹn,
ó kúkú mọ èèyàn kí."