Àkọsílẹ̀ Lẹ́bàá Odò Kelvin

Glasgow, oṣù kejìlá. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀ ti ṣú.
Mo gba orí afárá kọjá,
òjò ń rọ̀ wínníwínní bí ẹni ń ku èlùbọ́.
Orúkọ odò yìí la fi ń wọn òtútù ní yàrá ìwádìí wa lábẹ́ ilẹ̀:
Kelvin kan àti ààbọ̀, kò pé méjì,
òtútù tí yìnyín fúnra rẹ̀ yóò máa pè ní ooru.

Níbẹ̀ la ti ń rán hóró ìmọ́lẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan,
gba inú okùn dígí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ọmọ tuntun.
Hóró náà kì í fẹ́ ká wo òun.
Bí ojú kan bá yọ́ ọ wò lọ́nà,
á yí padà,
á dé ọ̀dọ̀ wa pẹ̀lú àpá ojú yẹn lára.
Ọgbọ́n tí a fi ń rọ kọ́kọ́rọ́ nìyẹn.
A ò lè ní kí ẹnikẹ́ni má yọjú,
ṣùgbọ́n a ó mọ̀ pé ó yọjú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka àwọn hóró náà
ti ń purọ́ fún wa láti ọ̀sẹ̀ méjì.
Ó ní amí kan lúgọ sójú ọ̀nà.
Èmi àti Eilidh jókòó ti ìlà ẹgbàajì
tí Ọ̀gbẹ́ni Wishart kọ
kó tó fẹ̀yìn tì, tó lọ ń sin àgùntàn ní erékùṣù Islay.
Láàárín rẹ̀ la ti bá ọ̀rọ̀ yìí:
“Ẹ má fọwọ́ kan ibí. Èmi náà ò mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́.”
A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Eilidh.
Àmì ìyọkúrò kan ṣoṣo ni, níbi tó yẹ kí ìròpọ̀ wà.
Amí tí à ń lé kiri òde, inú ilé ló sùn sí.

Ọjọ́bọ̀, aago méjì òru. Mo pa iná.
Mo tẹ orúkọ àìsàn kan sínú fóònù mi,
lẹ́tà lẹ́tà, bí Ìyá ṣe pè é láti Ìkìrun.
Mi ò tíì sọ fún ọkọ mi tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
Kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Hillhead láàárọ̀,
fóònù ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù Èkó fún mi,
owó rẹ̀ ti wálẹ̀;
lẹ́yìn náà ó gbé aṣọ dúdú wá,
obìnrin tó wọ̀ ọ́ ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá mi ò tíì kú o!
Mo wí i sókè.
Ọkùnrin tó jókòó tì mí tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀.

Wọ́n ní ògiri létí.
Ògiri ìgbà náà ṣì ń tijú:
ó ń gbọ́, kì í ṣírò rẹ̀, kì í gbé e lọ sọ́jà.
Hóró ìmọ́lẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n wo òun.
Èmi Fádérera ọmọ Adégbọ́yèró, onímọ̀ físíìsì,
mi ò mọ iye ojú tó ti kọjá lára mi kí n tó fọ ẹnu.

Mo pe Ìyá. Mo ní ká máa lo ètò ìfiránṣẹ́ alágádágodo
tí mo fi sórí fóònù rẹ̀ nígbà tí mo wálé.
Ó ní, “Kí ni mo jí tí mo fẹ́ fi pamọ́?”
Mo ní, “Ara Bàbá ńkọ́?”
Ó dákẹ́.
Mo gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ tó ń wọ́ lórí símẹ́ńtì,
ilẹ̀kùn tó ké,
adìẹ, atẹ́gùn ẹ̀yìnkùlé.
Ìgbà yẹn ló wá rọra sọ fún mi.

Èsì òní: òtútù dúró. Ẹgbẹ̀rún méje hóró wọlé láìní àpá.
Àṣìṣe, ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún.
Ohun tí Ìyá sọ kò sí nínú ìwé yìí.
Eilidh ní ojú mi pọ́n.
Mo ní òtútù ni.