Apá Ọmọ Ọlọ́mọ

Ìlà kẹta, ìjókòó kẹrìnlá, lẹ́yìn àwọ̀n,
ibẹ̀ ni mo ti ń wo apá ọmọ ọlọ́mọ
láti ọdún tí Wẹ́ndẹ̀lì ọkọ mi ti papò dà,
tó fi ìwé àkọsílẹ̀ kan àti pẹ́ńsù kúkúrú sílẹ̀ fún mi.
Áíówà ni, létí odò Misisípì,
ìlú tí ilé iṣẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀ ti kógbá sílé,
tí oko àgbàdo yí ká bí ogun tí kò bínú sí ẹnikẹ́ni.
Ẹja Àrọ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù wa.
Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹja náà wà lára fìlà mi, tòun ti irùngbọ̀n.

Oṣù kẹrin, òtútù ṣì ń bu ni jẹ,
bọ́ọ̀sì já àwọn ọmọ tuntun sílẹ̀.
Elíésà Paniágúà, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ará Ásúà ní Dòmíníkà:
kò rí yìnyín rí.
Ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò kó tó gun òkìtì amọ̀.
Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó jù, n kò rí i. Mo gbọ́ ọ ni,
pàá! nínú ìbọ̀wọ́ ahánbọ́ọ̀lù,
nígbà tí onígi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra láti fì í.
Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó di ẹ̀rọ ìwọneré mú
wo ojú ara wọn, wọn ò fọhùn.
Máìlì mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ọwọ́ mi gbọ̀n.
Ó lè jẹ́ òtútù.

Ánsẹ́lì Líńkwísì ńkọ́, ọmọ àgbẹ̀ láti Nẹbráskà?
Ó ga bí òpó iná, bọ́ọ̀lù rẹ̀ ò yára,
ṣùgbọ́n tó bá kù díẹ̀ kó dé, a ṣẹ́rí padà
bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé.
Kò sẹ́ni tó na ẹ̀rọ kankan sí i.
Èmi nìkan ni mo ka ogójì onígi
tó fì igi sí afẹ́fẹ́ lásán.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní kékeré ni àṣàmú ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú.
Mo ti rí ẹnu ṣámúṣámú púpọ̀ tí kò rí nǹkan jẹ.
Igba orúkọ ó lé mọ́kànlá ló wà nínú ìwé yìí,
tèmi àti ti Wẹ́ndẹ̀lì.
Méje ló dé òkè.
Ọ̀kan nínú ìyókù ń ta táyà lódìkejì odò;
ó máa ń dín owó kù fún mi,
kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.

Oṣù keje, ìpín karùn-ún eré,
Elíésà ju ọ̀kan, ó sì di ìgbọ̀nwọ́ mú
bí ẹni tó di ẹyẹ mú kó má fò lọ.
Gbogbo pápá pa lọ́lọ́. Ẹni tó ń ta ẹ̀pà gan-an dákẹ́.
Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un.
Apá di àpá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà mo bá a ní ilé ìtajà,
ó ń fi ọwọ́ òsì gbé gálọ́ọ̀nù mílíìkì
bí ẹni gbé ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀.
"Ìyá oníwèé," ló pè mí,
ó ní, ṣé mo ṣì ní i?
Mo ṣí ojú ìwé oṣù kẹrin láàárín ẹyin àti bọ́tà.
Ó gbé ìka òsì lé mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún,
ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tẹ aago ẹnu ọ̀nà,
ó dúró díẹ̀,
ló bá bi mí pé níbo ni iyọ̀ wà.

Lóru àná wọ́n pe Ánsẹ́lì sókè ní ìpele kan.
Kò dágbére. Wọn kì í dágbére.
Ọ̀la, agogo méje ìrọ̀lẹ́, ọmọ kan ń bọ̀ láti Kòríà,
n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ rẹ̀.
Mo ti gbẹ́ pẹ́ńsù.
Ó kù bí ìka kan.