Èrò Kẹsàn-án

Nígbà tí Bàbá Oyèlàmí fi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi sílẹ̀,
àpótí kan ló gbé wálé sí Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n:
ẹ̀wù funfun mẹ́rin,
àwòrán ọkọ̀ kan tó ga ju ilé ìfowópamọ́ Tákìé lọ,
àti híńjì ilẹ̀kùn méjìlá tí kò sọ ibi tó ti rí wọn.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló fi ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì
fún àwọn tó sanwó kí omi gbé wọn káàkiri,
kó sì tún gbé wọn padà síbi tí wọ́n ti gbéra.
Ìyá mi kò gbà á gbọ́ rí.
Ó ní, "Ta ní ń sanwó láti lọ síbi tó ti ń bọ̀?"

Ọdún tí Ìyá Àgbà kú, nínú ọyẹ́,
wọ́n dé láti Kùmásí, láti Jọ́ọ̀sì, láti Ẹjìgbò.
Pẹ̀lú wa, a di mẹ́sàn-án nínú yàrá kan.
Wọ́n ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.
Ẹni tó pa òwe yẹn kò bá wa sùn rí.

Bàbá Oyèlàmí ṣí fìlà, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ilẹ̀.
"Nínú ọkọ̀, yàrá ẹni méjì ń gba mẹ́rin.
Ara ògiri làwọn méjì tó kù ń sùn."
A rò pé orí rẹ̀ ti yí.
Ó gbé òòlù.
Ó yọ ilẹ̀kùn ilé ìdáná àtijọ́, ó kàn án mọ́ ògiri,
ó fi okùn kànga so ó rọ̀ mọ́ igi àjà.
Bílẹ̀ bá mọ́, a ó pa á dé bí ìwé.

Ó wá ń pín wa:
Ìyá Ẹjìgbò, ìsàlẹ̀, nítorí orúnkún.
Oyèṣínà tó ń hanrun, kó kọjú sí fèrèsé.
Àwọn ìbejì Kùmásí, orí ọ̀kan sí ẹsẹ̀ èkejì
bíi sàdíìnì inú agolo.
Ìyá mi àti Àǹtí Àsàbí, tí wọn kì í bára wọn sọ̀rọ̀,
ó fi àpò ìrẹsì sáàárín wọn.
Ẹni tó máa ń tọ̀ sórí ẹní
(mi ò ní dárúkọ, ó ti di ọ̀gá ilé ìwé báyìí)
kò gbọdọ̀ gòkè.

Èmi ọmọ ọdún mẹ́jọ ló gbé sórí ilẹ̀kùn.
Èéfín ọbẹ̀ àwọn tó ti kú ṣì ń rùn nínú igi náà.
Ihò kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.
Mo gbójú síbẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀, mo kà wọ́n:
méje, èmi ṣe ìkẹjọ.

Ẹnì kẹsàn-án jókòó lẹ́nu ọ̀nà,
ó wọ ẹ̀wù funfun, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí.
"Bàbá, níbo lẹ̀ ń sùn nínú ọkọ̀?"
Ó pẹ́ kó tó dáhùn.
"Nísàlẹ̀ pátápátá. Àwa mẹ́fà. Kò sí fèrèsé.
Ẹ̀rọ ń kùn sí wa létí mọ́jú.
Gbogbo èrò tí mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún, mo morúkọ wọn.
Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi mí."
Mo sún mọ́ ògiri. Mo ní àyè wà.
Ó ní ilẹ̀kùn ìdáná kò lè gbé àgbà.

Lówùúrọ̀, kò sí okùn tí a ó fi fami ìwẹ̀.
Ìyá mi tú bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń ráhùn lọ sídìí kànga.
Nígbà tí wọ́n tún fi so mí rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ kejì,
okùn náà ṣì tutù.
Ó ń kán sí mi níwájú orí, lẹ́yọ lẹ́yọ.
Mo fi ìka nù ún, mo tọ́ ọ wò.
Kò níyọ̀.