Òjò Tó Ń Rọ̀ Lọ Sókè

Ẹ̀dà ìdánwò kẹtàlélógójì dé lóru Ọjọ́bọ̀.
Mo gbé e sórí fóònù mẹ́ta tí mo tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.
Èkíní ṣí i, ó tan yòò, ó kú.
Èkejì gbé orin géèmù náà sókè, orin ń kólòlò
bí ẹni tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ níwájú adájọ́.
Ẹ̀kẹta, ti ìyá ìyàwó mi, Doña Edelmira,
tí ojú rẹ̀ ti sán bí àtẹ́lẹsẹ̀ àgbẹ̀,
òun ló gbé géèmù náà dúró:
ọkọ̀ ojú omi kékeré, apẹja kan tó dé fìlà pupa,
òkun tí àwọ̀ rẹ̀ kò ju mẹ́rin lọ,
ayé tí a ṣe kí n tó hu eyín.
Ó pé, ó péye,
àfi òjò.
Òjò ń ti inú òkun jáde, ó ń rọ̀ lọ sókè.

Punta Arenas la wà. Níta, afẹ́fẹ́ ń gbá ilẹ̀kùn bí agbowó-orí.
Wọ́n ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ títì níhìn-ín
kí ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì má baà di ẹyẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iṣẹ́ yìí kò ní ìwé ẹ̀rí,
sùúrù ni, àti bátìrì.
Mo pa á, mo tún un ṣí.
Mo yọ ọ́, mo tún un gbé wọlé.
Mo fọ àpò ìrántí rẹ̀ bí ẹni fọ ìkòkò tó jóná.
Mo pààrọ̀ awakọ̀ àwòrán,
awakọ̀ tí kò ní ọkọ̀, tí kò sì mọ̀nà.
Mo dín ìyára kù: òjò ṣì ń gòkè,
ó kàn ń gòkè jẹ́jẹ́ ni.
Ìyẹn gan-an burú jù.

Aago mẹ́ta òru ni mo rí i nínú àkọsílẹ̀ àṣìṣe,
láàárín ẹgbẹ̀rún ìlà tí kò sọ nǹkan kan:
àmì ìyọkúrò kan, tín-ín-rín bí irun ìpéǹpéjú,
tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀.
Mo kọ̀wé sí Tuulikki ní Oulu, lókè Finlandi lọ́hùn-ún,
ẹni tó ń hun ẹ̀rọ náà, ẹni tí n kò rí rí,
àfi àárẹ̀ rẹ̀ tí mo mọ̀
nínú àmì ìdánudúró tó máa ń fò.
Mo ní, "Lórí ṣíìpù àtijọ́, òjò dorí kodò."
Ó ní, "Èmi ni mo jẹ̀bi ọmọ ń sunkún lẹ́yìn mi ni"
Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí kẹrìnlélógójì fi dé.

Fóònù èkíní kò kú mọ́. Orin èkejì já geere.
Òjò rọ̀ wálẹ̀, bí òjò tí wọ́n kọ́ nílé.
Mo fi í fún Doña Edelmira pẹ̀lú tíì àárọ̀.
Ó wò ó. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.
"Ta ló ba òjò mi jẹ́?"
"Ìyá, a tún un ṣe ni."
Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí fèrèsé.
Níta, afẹ́fẹ́ ń gbé omi òjò lórí títì,
ó ń kó o padà sójú ọ̀run bí ẹni ń san gbèsè.
"Ọgọ́rin ọdún ni mo ti lò níhìn-ín.
Ọkọ mi pẹja títí iyọ̀ fi wọ egungun rẹ̀.
Nínú gbogbo géèmù tí o ti kó wá bá mi,
èyí nìkan ló mọ ibi tí à ń gbé."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Onílé ló mọ ibi tí ilé ti ń jò.
Mo yọ kẹrìnlélógójì, mo dá kẹtàlélógójì padà,
mo ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹ̀dà tó lè wá lẹ́yìn rẹ̀,
mo sì kọ ọ́ sínú ìwé àbùkù mi:
Fóònù kẹta. Òjò ń gòkè. Ẹ má tún un ṣe.

Kí n tó de bírò náà, ó ti mú ẹja méje.